Ọwọ́ Tó Wà Léjìká Alájà

Bí o bá pa ènìyàn rẹ́ kúrò nínú àwòrán, ihò ni yóò kù sí ipò rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ mi ní yunifásítì nìyẹn, nígbà tí orí mi ti funfun, tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tí àwọn tí mo kọ́ ní ìwé kíkà ti ń di bàbá àgbà. Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Mo ti mọ ihò kí olùkọ́ wa tó gbé kámẹ́rà rí.

Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe dé ibẹ̀, nítorí àwọn ará ilé ọkọ mi ti sọ tiwọn káàkiri Tchaourou, ní orílẹ̀-èdè Benin. Wọ́n ní ogbó ló ń dà mí láàmú. Wọ́n ní obìnrin tí kò rí ọmọ-ọmọ gbé jó ló lọ ń bá àwọn ọmọdé jókòó ní kíláàsì. Èmi náà mọ ìwé kọ. Ẹ jẹ́ kí n kọ tèmi.

Ọmọ Ṣábẹ̀ ni mí, ilé onígbàgbọ́ ni wọ́n ti tọ́ mi. Èdè Faransé ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ nígbà tí ìjọba gbé mi wá sí Tchaourou, ibẹ̀ ni mo sì ti pàdé ọkọ mi. Nàgó, ìyẹn Yorùbá bíi tèmi, ni, Mùsùlùmí, oníṣòwò iṣu. Ṣùgbọ́n Bàrìbá ni ìyá tó bí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, àṣà Bàrìbá ni wọ́n sì fi ń tọ́mọ nílé wọn. Nínú àṣà yìí, àkọ́bí kì í ṣe ti ìyá tó bí i. Bí wọ́n bá ti já a lẹ́nu ọmú, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin á wá mú un lọ, á sì tọ́ ọ bí ẹni tó bí i. Ìyá kò gbọdọ̀ sunkún. Kò gbọdọ̀ pe ọmọ náà ní ọmọ òun. Bí wọ́n bá pàdé lójú àwọn ènìyàn, kò gbọdọ̀ tẹjú mọ́ ojú rẹ̀. Ìtìjú gbáà ni. Àwọn obìnrin á máa gún ara wọn nígbọ̀nwọ́ pé, "Ẹ wò ó bó ṣe ń wo ọmọ! Ṣé òun nìkan ló bímọ rí?"

Ọjọ́ ọjà ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dé láti Bétérou. Ó mú ọṣẹ àti aṣọ wá, ó jẹun tán, ó fọwọ́, ó sì na ọwọ́ sí ọmọ mi bí ẹni na ọwọ́ sí igbá tó yá èèyàn.

"Ìyàwó," ó ní, "o kú iṣẹ́ tí o bá wa bímọ."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ mọ ìrìn rìn dáadáa."

"Ṣé kò sí ilẹ̀ ní Bétérou ni? Tàbí ìwé tí o kà ló ní ibí nìkan ni ọmọ ti ń rìn?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín. Mo wò ó, mo ń retí kó sọ ọ̀rọ̀ kan. Ó ní kí n lọ bu omi tútù fún ẹ̀gbọ́n òun, pé ọ̀nà jìn. Ọkọ mi ti kú báyìí. Kí Ọlọ́run forí jì í. Èmi kò tíì ráyè.

Ọlọ́run kò fún mi lọ́mọ mìíràn lẹ́yìn ọmọ náà.

Mo máa ń lọ sí Bétérou nígbà ìsinmi, lórí alùpùpù, eruku á kún ojú mi. Wọ́n á ní kí ọmọ wá kí àlejò. Á kúnlẹ̀, á ní, "Tata, ẹ káàbọ̀." Tata ni mí, bí ọmọdé ṣe ń pe àǹtí níbẹ̀. Ìyá ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Nígbà tí n kò lè wo ojú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa ń wò. Mo mọ ọwọ́ náà nígbà tó ṣì jẹ́ ọwọ́ ọmọdé tó kún fún iyẹ̀pẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n nígbà tí ìka rẹ̀ gùn. Nígbà tí wọ́n mú un kúrò nílé ìwé, ọwọ́ yẹn náà ló kọ́kọ́ sọ fún mi, nítorí mo rí i pé ìka rẹ̀ ti dúdú, ó ti bó. Wọ́n ti fi í sídìí kájú. Ẹni tó bá ti bó kájú yíyan rí mọ̀ pé omi inú èèpo rẹ̀ ń jó ara bí iná, àmì rẹ̀ kì í sì í tètè lọ.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ilé ìwé ńkọ́?"

Ó ní, "Ìwọ tí o lọ, kí lo rí níbẹ̀? Ọmọ kan ṣoṣo."

Nígbà tí ìsinmi parí, mo padà sí kíláàsì mi, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé.

Ibà ló pa ọmọ mi, nígbà tí wọ́n ń múra àtigbé e fọ́kọ. Ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n ti sin ín ni wọ́n ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ní ẹ̀sìn ní kí á má ṣe fi òkú pẹ́ nílẹ̀. Sàréè tí ilẹ̀ rẹ̀ ṣì tutù ni mo bá. Nígbà tí mo béèrè fọ́tò rẹ̀, ẹyọ kan péré, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní òun ti sun gbogbo rẹ̀. "Fọ́tò kì í jẹ́ kí òkú sinmi," ó ní. Kò wò mí nígbà tó ń sọ ọ́. Ní tèmi, mo gbà pé torí kí n má baà ní nǹkan kan lọ́wọ́ ló ṣe sun wọ́n. Títí di òní, ohun tí mo gbà nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá. Ọkọ mi kú, mo fẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́ Iléyá kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi fi fídíò àtijọ́ kan ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo ẹbí. Ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ dé láti Mẹ́kà ni, ọjọ́ tó di Alájà. Wọ́n ti gba ayàwòrán kan láti Parakou wá láti fi kámẹ́rà ká a sílẹ̀. Alájà ló kún ojú àwòrán láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nínú aṣọ funfun, ó ń gba ìkíni. Mo fẹ́ pa fídíò náà dé nígbà tí mo rí ọwọ́ kan léjìká rẹ̀. Ìka rẹ̀ dúdú.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ọmọ mi dúró sẹ́yìn Alájà. Bí Alájà bá yí sọ́tùn-ún, òun náà á yí sọ́tùn-ún. Mo máa ń rí ìbòrí rẹ̀ fìrí, mo máa ń rí igun iwájú orí rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò jáde. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti dúró síwájú ọmọ mi nígbà tí ọmọ náà wà láàyè, ó tún dúró síwájú rẹ̀ nínú fídíò.

Rédíò ni mo ti gbọ́ pé yunifásítì aládàáni kan ní Parakou ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní iṣẹ́ tí àwọn Faransé ń pè ní trucage, iṣẹ́ àwọn tó ń mú kí ilé jó nínú fíìmù láìsí iná, tí wọ́n ń fi ohun tí kò sí síbẹ̀, tí wọ́n sì ń yọ ohun tó wà kúrò. Yíyọ ni ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́. Mo wọ táksí lọ.

Akọ̀wé tó wà lẹ́nu ọ̀nà ní, "Mama, ọmọ-ọmọ yín dà, tó fẹ́ forúkọ sílẹ̀?"

Mo ní, "Èmi ni."

Ó wo ẹ̀yìn mi, bóyá ẹnì kan ṣì ń bọ̀.

Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń pè mí ní Tata. Orúkọ náà gún mi, ṣùgbọ́n wọn kò mọ̀. Wọ́n ń pariwo, wọ́n ń jẹ bisikíìtì lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n sì ń bá mi ṣàwàdà bí ẹni bá ìyá àgbà ṣeré. Olùkọ́ wa jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti Cotonou tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Ó ta aṣọ kan bí àwọ̀ ewé ìrẹsì sára ògiri, ó ní ẹ̀rọ yóò yọ àwọ̀ náà, ènìyàn nìkan ni yóò kù, a ó sì lè gbé e sí ibi tó bá wù wá. Ó ní ìdí tí wọ́n fi mú àwọ̀ yẹn ni pé kò sí nínú ara ènìyàn.

"Tata, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ búlúùsì yín yẹn wá mọ́," ó ní. "Àwọ̀ kan náà ni. Orí yín nìkan ló ń fò kiri."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo dá ṣe, ọ̀nà Tchatchou ni mo ti ya á. Àwọn obìnrin tó ń ta iṣu lẹ́bàá títì jókòó, ọkùnrin kan ń rìn kọjá. Wọ́n ní kí n yọ ọkùnrin náà. Àwòrán mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló wà nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo sì ní láti fi ìlà yí ara rẹ̀ ká, apá, ẹsẹ̀, etí fìlà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi bírò pupa yẹ ìwé ọmọ wò ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ní sùúrù. Nígbà tí mo gbé e jáde ní kíláàsì, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo ti yọ ọkùnrin náà tán. Mo gbàgbé òjìji rẹ̀. Òjìji náà dá rìn lórí títì, ó gba ẹ̀gbẹ́ iṣu kọjá, ó lọ.

"Háà! Tata ti sọ bàbá oníbàbá di iwin!"

"Tata, ẹ pè é padà, ó gbàgbé ara rẹ̀ sílé!"

Olùkọ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ wò ó dáadáa. Bí ènìyàn bá ti wà níbì kan, ó ti kan gbogbo nǹkan tó wà níbẹ̀." Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí n kò lè gbàgbé. Ó ní nínú iṣẹ́ yìí, bí àwọn òṣèré bá ti kúrò lójú kámẹ́rà, a kò gbọdọ̀ palẹ̀ mọ́ kí á tó ya ibẹ̀ lófìfo. Ògiri tó wà lẹ́yìn wọn, ilẹ̀ tí wọ́n tẹ̀, kí á ya gbogbo rẹ̀ láìsí ẹnikẹ́ni. Òun ni a ó fi dí ihò. "Ohun tí kámẹ́rà kò bá rí, kò sí níbì kankan tí a ti lè mú un," ó ní.

Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Bí ó bá jẹ́ pé ènìyàn ló wà lẹ́yìn ẹni tí a fẹ́ yọ ńkọ́?"

Ó ní, "Kámẹ́rà rí i?"

"Díẹ̀díẹ̀."

"À á jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ náà la ó rí i, Tata."

Nígbà tó tó àkókò iṣẹ́ àṣekágbá, mo gbé fídíò Alájà wá. Mo ní mo fẹ́ yọ obìnrin tó wà níwájú kí ojú ẹni tó wà lẹ́yìn lè hàn. N kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Olùkọ́ wò ó léraléra, ó mí kanlẹ̀, ó ní iṣẹ́ ọdún kan gbáko ni. Mo ní n kò ní nǹkan mìíràn láti ṣe.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé, láti yọ ènìyàn, o gbọ́dọ̀ máa wò ó. Obìnrin tí mo kórìíra jù láyé, òun ni mo jókòó tì láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, mo ń fi ìlà tọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ àti etí ìbòrí rẹ̀. Mo wá mọ bí ipéǹpéjú rẹ̀ òsì ṣe wálẹ̀ ju ọ̀tún lọ. Mo mọ̀ pé kí ó tó rẹ́rìn-ín, imú rẹ̀ á kọ́kọ́ fẹ̀. N kò wo ọmọ mi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n mo ń rí nǹkan. Nígbà tí Alájà tẹrí ba fún lèmọ́mù, ojú ọ̀tún ọmọ mi yọ. Nígbà tó yí padà láti gba omi, etí kan yọ pẹ̀lú yẹtí kékeré. Àgbọ̀n rẹ̀ yọ nígbà tí ọmọdé kan fa aṣọ Alájà. Mo ń kó wọn jọ bí ẹni ṣa ẹ̀pà lẹ́yìn olóko. Olùkọ́ kọ́ mi bí a ṣe ń tò wọ́n sórí ara wọn, bí a ṣe ń mú kí ìmọ́lẹ̀ wọn dọ́gba. Nígbà tó yá, ojú kan wà níwájú mi: iwájú orí, ojú méjèèjì, imú, àgbọ̀n. Ẹnu ni kò sí. Nínú gbogbo fídíò náà, kò sí ibi tí ẹnu ọmọ mi ti yọ rárá. Nígbà mìíràn, Alájà ló bò ó. Nígbà mìíràn, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló fi ìbòrí bò ó.

Ọmọbìnrin kan tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní kíláàsì ní, "Tata, kí lẹ jẹ́ sí i?"

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú un lọ, n kò tíì pè é bẹ́ẹ̀ lójú ẹnikẹ́ni. Mo ní, "Ọmọ mi ni."

Ọmọbìnrin náà ní, "Kí la tún ń wá? Ìyá àti ọmọ, ẹnu kan náà ni. Ẹ jẹ́ ká ya ẹnu tiyín."

Wọ́n gbé mi dúró síwájú aṣọ àwọ̀ ewé náà. Wọ́n fi àmì tótòtó sí mi lẹ́rẹ̀kẹ́ kí ẹ̀rọ lè máa tọ ẹnu mi bó ṣe ń rìn. Wọ́n ní kí n rẹ́rìn-ín. Wọ́n yọ ìhunjọ rẹ̀ kúrò, wọ́n sọ ọ́ di ẹnu ọ̀dọ́, wọ́n sì fi í sójú ọmọ mi. Alájà kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọmọbìnrin kan dúró nínú àgbàlá ní Bétérou, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi.

"Tata, ṣé bó ṣe rí nìyẹn?"

Gbogbo wọn ń wo ojú mi. Wọ́n fẹ́ kí n sunkún ayọ̀. Mo wo ẹnu náà, mo tún wò ó. N kò mọ̀. Ẹnu ọmọ tí mo lóyún rẹ̀, tí mo fún lọ́mú, n kò mọ̀ bóyá bó ṣe rí nìyẹn. Nígbà tí eyín rẹ̀ kò tíì pé ni wọ́n ti ní kí n má wo ojú rẹ̀ mọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n láyé yìí.

Mo gbé kọ̀ǹpútà náà sínú àpò, mo gun alùpùpù lọ sí Bétérou.

Orí ẹní ni mo bá Alájà, lábẹ́ igi máńgòrò nínú àgbàlá yẹn kan náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò ṣàìsàn.

"Ìyàwó! Wọ́n ní o ti padà sílé ìwé. Ṣé èyí tí o lọ lákọ̀ọ́kọ́ kò yó ọ ni?"

Mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo gbé e síwájú rẹ̀. Ó fa ojú súnmọ́ ọn, ó pẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ gbéra láti orí ẹní, ó fi kan ojú ẹ̀rọ náà.

"Ẹnu rẹ̀ kọ́ nìyẹn," ó ní.

"Báwo ló ṣe rí?"

"Eyín rẹ̀ iwájú kan gun èkejì. Ojú ń tì í. Bó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, á fi ìbòrí bo ẹnu." Ó gbé ojú sókè sí mi. "Ìwọ tó kàwé tó báyìí, o kò mọ eyín ọmọ rẹ?"

Bí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti rí lọ́jọ́ tó mú ọmọ lọ náà ló ṣì rí lọ́jọ́ yẹn. Ó tún wo àwòrán náà.

"Èmi dà?"

"Mo ti yọ yín."

Imú rẹ̀ fẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, bí mo ṣe mọ̀ pé yóò ṣe. "O yọ mí. Ó dáa. Kí wá ni ọmọ yẹn gbọ́wọ́ lé?"

Mo wò ó. Láti ìgbà tí mo ti ń bá ojú jà, n kò fiyè sí i. Ọwọ́ ọmọ mi, ọwọ́ tí ìka rẹ̀ dúdú, tí mo mọ̀ láàárín ẹgbẹ̀rún, dúró sínú afẹ́fẹ́, ìka rẹ̀ tẹ̀ wọnú ohun tí kò sí níbẹ̀, ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, bí èémí ẹnì kan tó ti lọ.

"Ẹsẹ̀ mi wú nínú ọkọ̀ òfurufú lọ́jọ́ náà," Alájà ní. "Òun ló dì mí mú kí n má ṣubú lójú àlejò."

Adìyẹ ń ta ilẹ̀ lẹ́bàá ẹní. Mo béèrè ohun tí n kò ní lọ́kàn láti béèrè nígbà tí mò ń bọ̀.

"Ṣé ó máa ń sọ̀rọ̀ mi?"

"Ó bi mí lẹ́ẹ̀kan ìdí tí Tata kì í fi í wo ojú òun."

"Kí lẹ sọ fún un?"

Ó bu omi mu, ó rọra gbé ife sílẹ̀. "Mo ní ìwé ló kún ojú rẹ."

Kò bẹ̀ mí. Èmi náà kò bú u. Mo pa kọ̀ǹpútà dé, mo kí i pé ó dàárọ̀, alùpùpù sì gbé mi padà gba inú oko kájú lọ. Ọmọ mi ti gbà pé n kò fẹ́ wo òun ni, ó sì gbé e lọ sí ibojì bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ tó lè yọ ìyẹn.

Ní Parakou, mo yọ ẹnu mi kúrò lójú ọmọ mi. Mo yọ ojú tí mo tò jọ. Mo dá Alájà padà síbi tó dúró sí, àti òjìji rẹ̀. Olùkọ́ mi kawọ́ lérí.

"Tata, iṣẹ́ ọdún kan! Ẹ wá dá a padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀?"

Mo ní, "Ọwọ́ ọmọ yẹn ò rí ibi dúró."

Fíìmù mìíràn ni mo fi ṣe àṣekágbá, ti ọkùnrin ọ̀nà Tchatchou. Mo yọ òun àti òjìji rẹ̀ pátápátá, wọ́n sì fún mi ní ìwé ẹ̀rí. Àwọn ará ilé ọkọ mi lè wá wò ó lára ògiri mi.

Fídíò tòótọ́ náà wà lọ́dọ̀ mi. Mo ti fẹ̀ ẹ́ títí ó fi ku ejìká funfun àti ọwọ́ náà nìkan. Mo máa ń tan án lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo máa ń ti fèrèsé. N kò dárí ji ẹnikẹ́ni. Mo kàn ń wo àwọn ìka náà ni, ó lè pẹ́ tó bó bá ṣe wù mí, kò sì sí obìnrin kankan nínú yàrá tí yóò sọ pé mò ń wò ó jù.